Kí Àgbà Lè Dàgbà Sílé Ara Rẹ̀: Ọgbọ́n Tí Síngápọ̀ Ń Dá

Nígbà tí ìjọba Síngápọ̀ ń kọ́ ilé gogoro fún ará ìlú ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, wọ́n dá ọgbọ́n kan láti dín ìnáwó kù: lífítì kì í dúró ní gbogbo àjà. Ó lè dúró ní àjà kan, kó fo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó tó tún ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá bọ́ sáàárín yóò sọ̀ ní àjà tó sún mọ́ ọn jù, yóò sì fi ẹsẹ̀ gun èyí tó kù. Nígbà náà, ìyẹn kò ni ẹnikẹ́ni lára. Tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn ló pọ̀ nínú àwọn tó kó wọlé. Wọ́n lè gbé ọmọ sápá kan, kí wọ́n gbé àpò ìrẹsì sápá kejì, kí wọ́n sì fi eré gun àtẹ̀gùn náà.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, àwọn tọkọtaya wọ̀nyí ti ń di ìyá àgbà àti bàbá àgbà. Ilé wà níbi tó wà, àtẹ̀gùn kò fi ẹyọ kan lé sí i, ṣùgbọ́n orúnkún kì í ṣe orúnkún àná mọ́. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù lè ti ọsíbítù délé, kó máa gbọ́ ìró lífítì bó ṣe ń kọjá lórí rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kó má sì lè dé ìdí rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á jókòó sílé títí ọmọ tàbí aládùúgbò yóò fi ráàyè pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Bí ìdílé bá pàdé lórí ọ̀rọ̀ òbí tó ti darúgbó, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi ara wọn ni pé: ọ̀dọ̀ ta ni Màmá yóò máa gbé báyìí? Ohun mìíràn ni Síngápọ̀ kọ́kọ́ béèrè. Kí ló wà láàárín ibùsùn Màmá àti balùwẹ̀, kí ló wà láàárín ẹnu ọ̀nà wọn àti ọjà, tí kò jẹ́ kí wọ́n lè máa gbé níbi tí wọ́n ti ń gbé láti ogójì ọdún? Ìfẹ́ tí ọmọ ní sí òbí kò lè bá òbí gun àtẹ̀gùn. Ìlú tó bá fẹ́ kí àwọn àgbà rẹ̀ dàgbà sílé ní láti fọwọ́ kan símẹ́ńtì, irin, àti ojú títì.

Ìdí pàtàkì kan wà tí Síngápọ̀ fi lè ṣe é. Erékùṣù kékeré ni, bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn ló ń gbé orí rẹ̀, ìlú kan ṣoṣo náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1961, iná ńlá sọ ní àdúgbò Bukit Ho Swee, níbi tí ilé pákó ti sún mọ́ra wọn gádígádí, ó sì sọ ènìyàn bíi 16,000 di aláìnílé. Ọdún 1960 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá HDB sílẹ̀, àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́lé fún ará ìlú. Àjọ náà gba ilẹ̀ tó jóná yẹn, ó kọ́ fúláàtì sí i, kò sì tíì dáwọ́ ilé kíkọ́ dúró láti ìgbà náà. Lónìí, bíi mẹ́jọ nínú ará ìlú mẹ́wàá ló ń gbé ilé tí HDB kọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ra fúláàtì wọn fún ọdún 99. Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́ gbogbo ilé wọ̀nyí, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé àwòrán wọn wà, òun ló sì láṣẹ láti tún wọn ṣe. Ìlú tí onílé kọ̀ọ̀kan ti ń dá ṣe tirẹ̀ kò ní irú àǹfààní yìí. Ó yẹ ká sọ ọ́ ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé inú rere nìkan ló gbé iṣẹ́ náà dúró.

Àìgbọdọ̀máṣe náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2023, ìpíndọ́gba ọmọ tí obìnrin kan ń bí ní Síngápọ̀ já sí 0.97, kò tó ọmọ kan. Ẹ̀mí ènìyàn sì ń gùn dé nǹkan bí ọdún 83. Ìjọba ti ṣírò pé tó bá fi di ọdún 2030, ẹnì kan nínú ọmọ ìlú mẹ́rin yóò ti pé ọdún 65 tàbí kó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí wọn yóò fi kọ́ ilé arúgbó fún gbogbo wọn kò sí, òṣìṣẹ́ tí yóò dúró tì wọ́n níbẹ̀ kò sí, púpọ̀ nínú àwọn àgbà náà kò sì fẹ́ lọ.

Ọdún 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe lífítì. Níbi tó bá ṣeé ṣe, wọ́n lu ògiri kí lífítì lè máa dúró ní àwọn àjà tó ń fò tẹ́lẹ̀. Níbi tí kò bá ṣeé ṣe, wọ́n kọ́ ilé lífítì tuntun mọ́ ara ògiri ìta, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ilé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ilé ńlá. Ìjọba ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì dá tirẹ̀, tí kì í ju dọ́là Síngápọ̀ 3,000 lọ fún ọmọ ìlú. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìdìbò. Ó di ìgbà tí ìdá 75 nínú 100 ìdílé tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò bá fọwọ́ sí i. Ilé tó ju 5,000 lọ ló ti rí àtúnṣe yìí gbà. Àwọn bíi 150 ló kù tí àyè kò gbà, tàbí tí owó tí yóò náni kò ṣeé fẹnu sọ. Fún àwọn tí ara wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́ nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn, ìjọba gbé owó ìrànwọ́ tó tó dọ́là 30,000 kalẹ̀ lọ́dún 2020, kí wọ́n lè ra fúláàtì mìíràn tí lífítì ń dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Bí lífítì bá gbé àgbà dé ẹnu ọ̀nà, ewu tó kù wà nínú ilé, inú balùwẹ̀ ló sì ti burú jù. Balùwẹ̀ inú fúláàtì àtijọ́ kéré. Ojú kan náà ni wọ́n ti ń wẹ̀ tí wọ́n sì ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ ibẹ̀ kì í sábà gbẹ. Wọ́n mọ símẹ́ńtì pẹlẹbẹ kan dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí omi má baà ṣàn wọ pálọ̀. Àgbà tó jí lóru láti tọ̀, tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀, ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí símẹ́ńtì yẹn, kó tẹ táìlì tútù, kó sì wá nǹkan dì mú nínú òkùnkùn. Ohun tí ọwọ́ máa ń bá ni etí àwo ìfọwọ́ tàbí irin tí wọ́n ń sá táwẹ́lì sí, kò sì sí èyí tí wọ́n ṣe láti gba ara ènìyàn dúró nínú méjèèjì. Bí egungun ìbàdí bá dá ní ọmọ ọdún 78, ẹni tó ń lọ ra ẹja fúnra rẹ̀ lánàá lè má dá rìn mọ́ láé. Ọ̀pọ̀ àgbà tó dèrò ilé ìtọ́jú arúgbó, irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ ló gbé wọn débẹ̀.

Ètò tí wọ́n ń pè ní EASE, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, ló dojú kọ ọ̀ràn yìí. Bí ọmọ ìlú tó ti pé ọdún 65 bá wà nínú ilé, tàbí ẹni ọdún 60 sí 64 tí kò lè dá wẹ̀ tàbí dá wọṣọ, ìdílé náà lè kọ̀wé béèrè. Òṣìṣẹ́ yóò wá fi oògùn pa ojú táìlì kí ó má yọ̀ mọ́. Yóò de irin ìdìmú mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti níbi ìwẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga ju ara wọn lọ lẹ́nu ọ̀nà, yóò fi ohun gẹ̀rẹ́ sí i kí kẹ̀kẹ́ arọ lè gùn ún. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà níbi tí wọ́n de irin náà mọ́. Èyí tó wà ní òòró ni ọwọ́ ń fà láti dìde. Èyí tó wà ní ìbú ni ọwọ́ ń tẹ̀ láti jókòó jẹ́jẹ́. Bó bá ga jù, èjìká tó ti gan kò ní lè dé e. Bó bá jìnnà jù, àgbà yóò na ara sí i, yóò sì ṣubú níbi tó ti ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kó ṣubú.

Ní ti owó, ẹni tó ń gbé fúláàtì kékeré ń san ìdá 5 péré nínú 100, ẹni tó ń gbé èyí tó tóbi jù ń san ìdá 12.5, ìjọba á sì san èyí tó kù. Ní ọdún 2024 wọ́n fẹ ètò náà lójú. Ó ti kan ìjókòó ìwẹ̀ tó ṣeé ká mọ́ ògiri, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ sí i, símẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gé kúrú, àti bọ́tìnnì iná tó ń tàn wínníwínní lókùnkùn kí ọwọ́ lè mọ ibi tó wà. Ẹni tí kò bá tíì tọ́jú àgbà rí lè pe ìwọ̀nyí ní nǹkan kékeré. Ẹni tó ti gbé ìyá tàbí bàbá rẹ̀ dìde nílẹ̀ balùwẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ojú títì ló kàn. Níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá lábẹ́ iná tó ń darí ọkọ̀, àkókò tí wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín títì nígbà tí iná á yí padà. Bí ó bá ṣe ìyá kan bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò ní sọdá mọ́. Bí ọjà, ilé ìwòsàn àti ọ̀rẹ́ wọn bá sì wà lódìkejì, ìlú ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ wọn láìsí ẹni tó mọ̀. Láti ọdún 2009, ẹ̀rọ kékeré kan wà lára òpó iná ní ọ̀pọ̀ ibi bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní Green Man+. Káàdì tí àgbà fi ń wọ bọ́ọ̀sì ní owó pọ́ọ́kú ni yóò fi kàn án. Iná yóò mọ̀ pé àgbà ló fẹ́ sọdá, yóò sì fi ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 13 kún àkókò rẹ̀, bí títì náà bá ṣe fẹ̀ tó. Àgbà kò bẹ awakọ̀ kankan, kò na ọwọ́ sókè, kò sáré. Bí kò bá sì sí àgbà nítòsí, ọkọ̀ kò dúró lásán. Nínú gbogbo ohun tí ìlú yìí ti ṣe, bóyá èyí ló bu ọ̀wọ̀ fún àgbà jù, nítorí kò sọ wọ́n di ẹni tí à ń ṣàánú lójú gbogbo ayé.

Láti ọdún 2014, wọ́n tún ń ya àwọn àdúgbò tí àgbà pọ̀ sí sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní Silver Zone. Wọ́n ń fún títì ibẹ̀ mọ́ra, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wọ́lọ́kọ̀lọ́kọ̀ kí awakọ̀ má lè sáré, wọ́n sì ń kọ́ ibi ìdúró sí àárín rẹ̀, kí àgbà lè sọdá ìdajì, kó sinmi, kó tó sọdá èyí tó kù.

Ṣùgbọ́n irin àti lífítì kò lè kí ènìyàn káàárọ̀. Àgbà tó ń dá gbé ní ilé gogoro lè wà láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn kó má bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìjọba kọ́ ẹ̀kọ́ kan lórí èyí lọ́dún 2014, nígbà tí wọ́n ṣe ètò ìrànwọ́ ìlera fún ìran tó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí ní 1949 tàbí ṣáájú. Lẹ́tà àti ìkéde nìkan kò lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí Hokkien, Teochew, Cantonese, Malay tàbí Tamil ni wọ́n gbọ́ dénú, àwọn mìíràn kò sì mọ̀wé kà. Wọ́n wá rán àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, kí ẹni tó gbọ́ èdè wọn jókòó tì wọ́n, kó ṣàlàyé. Ní Síngápọ̀, bí ọ̀dọ́ kò bá tilẹ̀ mọ àgbà rí, kì í pè é lórúkọ, “Àǹtí” tàbí “Áńkù” ni yóò pè é. Báyìí ni wọ́n ṣe kan ilẹ̀kùn.

Ohun tí wọ́n bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ. Wọ́n bá ẹni tó ti ṣubú tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n bá ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ju bíṣíkíìtì lọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ṣàlàyé ètò yẹn tán, wọn kò tú ẹgbẹ́ náà ká. Ó di Silver Generation Office. Àwọn tó ń lọ kiri ń béèrè bí àgbà ṣe ń jẹun, bó ṣe ń rìn, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, oògùn tó ń lò. Bí wọ́n bá rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó, wọ́n á darí rẹ̀ sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́: ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá sílé, nọ́ọ̀sì tó ń wá fọ ojú egbò, tàbí àwọn ẹgbẹ́ bíi Lions Befrienders, tó ti ń bẹ àgbà tó ń dá gbé wò láti ọdún 1995.

Àwọn ibùdó àgbà ṣe pàtàkì gidi nínú iṣẹ́ yìí, ibi tí wọ́n kọ́ wọn sí sì ni ọgbọ́n ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé HDB kò ní fúláàtì, òpó àti àyè gbalasa ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn Malay ti ń ṣe ìgbéyàwó, tí àwọn ìran Ṣáínà ti ń ṣe àìsùn òkú, tí bàbá àgbà ti ń jókòó wo ẹni tó ń kọjá. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibùdó náà sí, wọ́n sì ti lé ní 200 káàkiri ìlú. Àgbà kò ní láti wọkọ̀, kò ní láti múra. Yóò wọ lífítì, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń na apá na ẹsẹ̀, tí wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ń jẹun pọ̀. Bí ẹni tó máa ń wá kò bá wá, òṣìṣẹ́ á gòkè lọ wò ó. Ìṣòro tó kù níbẹ̀ ni ti àwọn ọkùnrin: ìyá àgbà máa ń wá, ọ̀pọ̀ bàbá àgbà kì í fẹ́ jáde. Nínú àwọn fúláàtì kéékèèké tí ìjọba fi háyà fún àgbà tí kò rí jájẹ, bọ́tìnnì wà tí ẹni tó bá ṣubú lè tẹ̀, kí òṣìṣẹ́ lè gbọ́.

Oúnjẹ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ti kó àwọn olóúnjẹ ojú pópó sábẹ́ òrùlé kan náà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, níbi tí omi wà tí owó oúnjẹ kò sì ga. UNESCO kọ àṣà yìí sínú àkójọ àṣà àjogúnbá ọmọ aráyé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní ọdún 2020, àwọn arìnrìn-àjò sì ń tìtorí rẹ̀ wá. Fún bàbá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí kò dáná rí láyé rẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé àwo ìrẹsì gbígbóná wà nísàlẹ̀ ilé, àti pé ẹni tó ń tà á mọ̀ pé wọn kì í jẹ ata.

Ní ti owó, àlàyé kúkúrú tó. Láti ọdún 1955 ni òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti ń dá owó sínú àpò CPF fún ọjọ́ ogbó. Láti 2009, àgbà tí owó rẹ̀ kò tó lè ta àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn lórí fúláàtì rẹ̀ padà fún HDB, kó máa gbé inú rẹ̀ lọ, kó sì máa gba owó lóṣooṣù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ CareShield Life, ètò adójútòfò tó jẹ́ dandan fún gbogbo ẹni tí wọ́n bí ní 1980 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n bá ti pé 30. Ohun mẹ́fà ni wọ́n fi ń díwọ̀n: wíwẹ̀, wíwọṣọ, jíjẹun, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, rírìn nínú ilé, àti kíkúrò lórí ibùsùn bọ́ sórí àga. Ẹni tí kò bá lè dá ṣe mẹ́ta nínú wọn yóò máa gba owó lóṣooṣù títí ara yóò fi yá tàbí títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Dọ́là 600 ni owó náà nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀.

Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Síngápọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé aṣòfin. Lọ́dún 1995, Walter Woon, amòfin tó jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, gbé àbá kan kalẹ̀ tó di òfin: òbí tó ti pé ọdún 60 tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ lè pe ọmọ lẹ́jọ́ kí ọmọ máa fún un lówó ìtọ́jú. Ilé ẹjọ́ pàtàkì kan wà fún un láti 1996. Àwọn kan bínú sí òfin náà, wọ́n ní ìfẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ìwé ìpẹ̀jọ́ gbà. Òtítọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ìfẹ́ wà kò nílò òfin, nítorí òbí tí ọmọ ti pa tì ni wọ́n ṣe ṣe é. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n fi ìlàjà ṣáájú ẹjọ́. Ní ọdún 2023 wọ́n sì tún un ṣe kí òbí tó fìyà jẹ ọmọ nígbà èwe má baà kàn jí lọ́jọ́ kan kó pe ọmọ náà lẹ́jọ́. Ó ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ.

Owó ló ń mú kí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ sún mọ́ òbí ju òfin lọ. Láti ọdún 2015, ọmọ tó bá fẹ́ ra fúláàtì àlòkù láti bá òbí gbé, tàbí láti gbé nítòsí wọn, ń gba ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Láti 2018, dọ́là 30,000 ni fún ìdílé tó bá bá òbí gbé pọ̀, 20,000 sì ni fún èyí tó bá wà láàárín kìlómítà mẹ́rin sí wọn. Ìdí tó fi dára ni pé ọ̀pọ̀ àgbà kò fẹ́ kí wọ́n gbé àwọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn nílé ìyàwó ọmọ. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ara wọn lọ́wọ́ ara wọn, kí ọmọ sì wà níbi tó ti lè gbé ọbẹ̀ wá kí ó tó tutù.

Ní àríwá erékùṣù náà, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Admiralty, wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò wọ̀nyí sínú ilé kan ṣoṣo. Kampung Admiralty ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ WOHA ló ya àwòrán rẹ̀, ọdún 2018 ló sì gba oyè ilé tó dára jù láyé ní àjọyọ̀ àwọn ayàwòrán ilé ní Amsterdam. Àyè gbalasa wà nísàlẹ̀, ọjà oúnjẹ wà lókè rẹ̀, ilé ìwòsàn wà lókè ìyẹn. Ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ àti ibùdó àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọgbà sì gun orí òrùlé ní ìpele-ìpele. Fúláàtì 104 fún àgbà wà níbẹ̀. Ìyá tó ń gbé ibẹ̀ lè lọ rí dókítà, kí wọ́n ra oúnjẹ, kí wọ́n wo ọmọdé tó ń ṣeré, láìsọdá títì kan. Ilé náà dára, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n 104 ni, nínú ìlú tí àgbà rẹ̀ lé ní ọ̀kẹ́ àìmọye. Lífítì àti irin ìdìmú, tí ẹnikẹ́ni kò fún ní oyè, ló dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù.

Àwọn kan wà tí irin ìdìmú kò tó fún mọ́, síbẹ̀ tí ara wọn kò burú dé ilé arúgbó. Nítorí wọn ni ìjọba ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú fúláàtì mìíràn ní Bukit Batok lọ́dún 2021. Ẹni tó bá rà á yóò ra iṣẹ́ ìtọ́jú mọ́ ọn: ẹni tó ń bójú tó wọn, àyẹ̀wò ara, àti ẹni tí yóò dáhùn ní ọ̀sán tàbí ní òru bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti gbé irú rẹ̀ lọ sí Queenstown àti Bedok.

Ó ku àwọn tí àlàyé yìí kò lè pé láìsí wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí àgbà ti ń dàgbà ní ìrọ̀rùn, obìnrin kan wà tó ti Indonesia, Philippines tàbí Myanmar wá, tó ń sùn nínú ilé náà, tó ń wẹ̀ fún Màmá, tó ń gbé wọn látorí ibùsùn sórí àga, tó ń jí sí ohùn wọn lóru. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ju 250,000 lọ ló wà ní ìlú náà. Ìjọba mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: owó orí dọ́là 300 tí ìdílé ń san lóṣù lórí ọmọ ọ̀dọ̀ ń di 60 bí àgbà tó ti pé 67 bá wà nínú ilé. Owó ìrànwọ́ wà fún ìdílé tó ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ṣe nǹkan, dọ́là 200 lóṣù ní 2019, tó di 400 ní 2023 fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré jù, ìdílé sì lè fi san owó iṣẹ́ obìnrin náà.

Ti obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò tíì yanjú tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 2013 ni òfin tó ní kó máa sinmi lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá sì lè fi owó ra ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 2023 ni wọ́n tó sọ ọjọ́ kan lóṣù di èyí tí owó kò lè rà. Ó sì ní òbí tirẹ̀ nílé, tí àwọn náà ń darúgbó láìsí i níbẹ̀. Ìlú tó ṣírò ìṣẹ́jú àáyá tí àgbà nílò láti sọdá títì lè ṣírò wákàtí oorun tí ẹni tó ń gbé àgbà dìde lóru nílò. Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ni owó ìrànwọ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí ọmọ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ lè lò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn bí a ṣe ń yí ẹni tó sùn tì padà kí ara rẹ̀ má baà degbò, bí a ṣe ń fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa lóúnjẹ, àti bí a ṣe ń gbé àgbà dìde láìdá ara ẹni lẹ́yìn.